Gólì 79 àti Okùn Kan Nínú Orúnkún: Ohun Tí Mo Kọ́ Lára Margrét Lára Viðarsdóttir

Ọ̀rọ̀ orúnkún la fẹ́ sọ lónìí. Ṣùgbọ́n a máa gba orí pápá bọ́ọ̀lù kọjá ká tó dé ibẹ̀, torí orí pápá ni ọ̀rọ̀ náà ti bá wa nílé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló máa ń gba gólì wọlé jù nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó gbá a lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó tì í. Ó kàn fẹ́ ṣẹ́rí padà lójijì ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró gbọn-in sínú koríko, ara yí, ó sì gbọ́ "pá!" nínú orúnkún. Kí wọ́n tó gbé e délé, orúnkún náà ti wú rọ̀bọ̀tọ̀.

Ẹ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí nílé. Wọ́n pe ẹnì kan ládùúgbò, ó ní orúnkún ló yẹ̀, ó fi òrí gbígbóná wọ́ ọ, ó sì fa ẹsẹ̀ náà títí ọmọ fi ké gbàjarè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wíwú náà rọlẹ̀, ó lè rìn, gbogbo wa ní "ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó padà sórí pápá. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí orúnkún náà tún fi yẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yẹn la tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà di ojúgun rẹ̀ mú, ó fà á síwájú díẹ̀, ó sì mi orí. Wọ́n ya àwòrán inú orúnkún náà: okùn kan níbẹ̀ ti já pátápátá, tìmùtìmù tó wà láàárín egungun méjèèjì náà sì ti ya. Dókítà sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìṣubú kejì yẹn ló ya tìmùtìmù náà.

Nígbà tá a délé, ọmọ wò mí lójú: "Àǹtí, ṣé mi ò tún ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ni?"

Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama o, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdáhùn fún un. Ni mo bá jókòó, mo ń wá a kiri. Ibi tí mo ti ń wá a ni mo ti pàdé Margrét Lára.

Ta ni Margrét Lára?

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Áísíláǹdì torí bọ́ọ̀lù. Àwọn ni Ahmed Musa gbá gólì méjì sáwọ̀n wọn ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2018. Erékùṣù olótùútù ni, òkè tó ń tú iná pọ̀ níbẹ̀, gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò sì tó 400,000. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ní Èkó lè ní èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní etí gúúsù ilẹ̀ náà, àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní Vestmannaeyjar. Ní oṣù Kìíní ọdún 1973, iná tú jáde láti inú ilẹ̀ níbẹ̀ lóru, wọ́n sì ní láti kó gbogbo ará ìlú, tó lé ní 5,000, gba orí omi sá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá tún ilé kọ́. Ìlú yẹn ni wọ́n bí Margrét Lára sí ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 1986. Viðarsdóttir tó ń jẹ́ kì í ṣe orúkọ ẹbí bíi tiwa. Ohun tó túmọ̀ sí ni "ọmọbìnrin Viðar." Orúkọ àbísọ ni wọ́n fi ń pe èèyàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèmi náà á ṣe máa pè é.

Ní oṣù Kẹfà 2003, kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wọ pápá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú ìdíje pẹ̀lú Họ́ńgárì. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ti gba gólì wọlé. Láti ìgbà náà, kò dúró mọ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ÍBV nílé, ó lọ sí Valur ní Reykjavík, níbi tó ti gba gólì 38 wọlé nínú líìgì ọdún 2007 nìkan. Lọ́dún yẹn, wọ́n fi ṣe eléré ìdárayá tó ta yọ jù lọ ní Áísíláǹdì, tọkùnrin tobìnrin. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Jámánì, ó gbá a ní Swídìn, níbi tó ti wà ní Kristianstad lábẹ́ Elísabet Gunnarsdóttir, obìnrin tó ti jẹ́ kóòṣì rẹ̀ ní Valur tẹ́lẹ̀.

Ní 2009, àwọn obìnrin Áísíláǹdì lọ sí ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn ni ikọ̀ àgbà àkọ́kọ́ láti orílẹ̀-èdè yẹn tó dé irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọn kò débẹ̀ títí di 2016. Margrét Lára ló gba gólì wọlé jù nínú gbogbo ìdíje tí wọ́n fi yan àwọn tó lọ: gólì 12. Ní 2013, nígbà tí Nọ́wè ti ń fẹ́ lù wọ́n, ó gbá pẹnárítì wọlé nígbà tí ìdíje ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó parí, ó di 1-1. Máàkì àkọ́kọ́ tí Áísíláǹdì ní nínú ìdíje ńlá nìyẹn, òun ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ipele mẹ́jọ tó kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn itan dà á láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó bímọ ní 2014, ó sì padà sórí pápá. Àfi bó ṣe di 2017, ọdún tí ìdíje Yúróòpù mìíràn fẹ́ wáyé ní Nẹ́dálándì, tí okùn orúnkún rẹ̀ já. Èyí tó wá ya èèyàn lẹ́nu ni pé àbúrò rẹ̀, Elísa, tí wọ́n jọ wà ní Valur, tí wọ́n sì jọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wọn, okùn yẹn kan náà ti já fún òun náà lóṣù díẹ̀ ṣáájú. Ọmọ ìyá méjì, ọdún kan ṣoṣo, okùn kan náà. Wọ́n wo ìdíje náà láti ìta ni. Áísíláǹdì gbá ìdíje mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gólì kan péré ni wọ́n sì gbà wọlé.

Okùn wo gan-an ló já?

Ẹ na ẹsẹ̀ yín, ẹ fọwọ́ kan orúnkún. Egungun itan ló wá láti òkè, egungun ojúgun ló wá láti ìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì kò wọ inú ara wọn bí ọmọ odó ṣe ń wọ inú odó. Ńṣe ni wọ́n kàn gbé ara lé ara wọn, pẹ̀lú tìmùtìmù rírọ̀ méjì láàárín wọn. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n yọ̀ kúrò lórí ara wọn? Àwọn okùn ni.

Okùn mẹ́rin ló ṣe pàtàkì jù. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Méjì yòókù wà nínú orúnkún gangan, wọ́n sì gba orí ara wọn kọjá bí ìgbà téèyàn ká apá méjèèjì sáyà. Èyí tó wà níwájú nínú àwọn méjì yìí ni àwọn dókítà ń pè ní ACL. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, kò sì nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú, àti láti má ṣe jẹ́ kó yí ju bó ṣe yẹ lọ.

Tí ẹ bá ń rìn lọ tààrà, ẹ lè má mọ̀ pé ó wà rárá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi lè rìn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tá a fi rò pé ó ti san. Ìgbà téèyàn bá fẹ́ ṣẹ́rí padà, tàbí tó bá fò tó fẹ́ balẹ̀, ni okùn yẹn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ìpalára ACL, kò sí ẹni tó kọlu ẹlòmíì ní orúnkún. Eléré fúnra rẹ̀ ló ń balẹ̀, tàbí tó ń dúró lójijì, tàbí tó ń yí. Orúnkún á fẹ́ẹ̀ nà tán, á wá ṣẹ́ wọ inú, ara á yí, okùn á já. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá! Ọpọlọ kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti balẹ̀ láìdáa, kó tó ránṣẹ́ sí iṣan, okùn ti já tán. Torí náà, kò sí bí èèyàn ṣe lè tún un ṣe lórí afẹ́fẹ́. Ohun tí ara bá ti kọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ṣe. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Kí ló dé tó fi ń ṣe àwọn obìnrin jù?

Nínú bọ́ọ̀lù, okùn yìí ń já fún obìnrin ní nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ti ọkùnrin lọ. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè á rántí: Alexia Putellas ti Barcelona ní 2022, Beth Mead àti Vivianne Miedema ní ìparí ọdún yẹn, Leah Williamson ní 2023. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin yẹn, Arsenal kan ṣoṣo ni wọ́n jọ wà. Kí ló fà á? Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo.

1. Bí èèyàn ṣe ń balẹ̀. Tí ọmọbìnrin bá ti ń bàlágà, ó máa ń ga, ó máa ń wúwo sí i, ṣùgbọ́n agbára iṣan rẹ̀ kì í yára pọ̀ tó ti ọmọkùnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á máa fi orúnkún tó nà gbọn-in balẹ̀, tí orúnkún méjèèjì á sì máa wọ inú síra wọn.

2. Iṣan itan. Iṣan iwájú itan máa ń fa ojúgun síwájú. Iṣan ẹ̀yìn itan máa ń fà á sẹ́yìn, ìyẹn ni pé olùrànlọ́wọ́ ACL ló jẹ́. Tí tiwájú bá lágbára ju tẹ̀yìn lọ púpọ̀, okùn náà á máa dá ẹrù rù. Ẹ rántí pé iṣan ẹ̀yìn itan ló ń yọ Margrét Lára lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Mi ò sọ pé ìyẹn ló já okùn rẹ̀ o! Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí iṣan yẹn ti ṣe pàtàkì tó ni.

3. Bí egungun ṣe rí. Ìbàdí obìnrin fẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, èyí sì ń yí bí ẹrù ṣe ń bọ́ sórí orúnkún padà. Àyè tí okùn náà ń gbà kọjá nínú egungun itan náà sábà máa ń tóóró jù.

4. Họ́mónù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bóyá nǹkan oṣù máa ń jẹ́ kí okùn náà rọ̀ jù láwọn ọjọ́ kan. Ẹjọ́ náà kò tíì parí.

5. Ohun tí kì í ṣe ara rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹsẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi ń wọn bàtà bọ́ọ̀lù. Pápá tí kò dáa ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn obìnrin. Kì í sí físíò, kì í sí ẹni tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mú iṣan le láti kékeré.

Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé "ara obìnrin kò gba bọ́ọ̀lù," ẹ ní kó ka ìkarùn-ún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi tí mo mọ pápá tí ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tó kún fún kòtò, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kò dùn mọ́ kì í ṣe ó ti san

Bí awọ ọwọ́ bá ya, á jinná fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí ACL kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀, omi inú oríkèé ló sì yí i ká, torí náà orí méjèèjì okùn tó já kì í sábà lẹ̀ pọ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn kan lè fi ìdárayá nìkan gbé ìgbésí ayé wọn lọ, pàápàá tí wọn kò bá ní ṣe eré tó ní yíyí lójijì nínú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ padà sórí pápá, iṣẹ́ abẹ ló wọ́pọ̀. Wọ́n á mú okùn láti ibòmíràn lára ẹni náà, láti ẹ̀yìn itan tàbí láti iwájú orúnkún, wọ́n á fi dípò èyí tó já.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Okùn tuntun yẹn, nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi sínú orúnkún, kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ara á kọ́kọ́ máa tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa tún un hun. Nínú àwọn oṣù àkọ́kọ́ yẹn, ó máa ń rọ ju ọjọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀ lọ! Ìyẹn ni pé ìgbà tí ìrora bá ti lọ, tí ọmọ bá ní "ara mi ti yá," ìgbà yẹn gan-an ni okùn náà ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn olùwádìí ti rí i pé bí èèyàn bá fi oṣù kan kún ìsinmi rẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án, ewu pé orúnkún náà á tún bàjẹ́ ń dín kù gan-an. Ohun tá a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó dè mí mọ́ ìtàn Margrét Lára nìyí. Nígbà tí okùn rẹ̀ já, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Láàárín orúnkún yẹn àti oyún ọmọ rẹ̀ kejì, ó fi nǹkan bí ọdún méjì kúrò lórí pápá. Ó padà ní 2019, Valur sì gba ife líìgì lọ́dún yẹn, èyí tí wọn kò rí gbà láti 2010. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ pẹ̀lú Latvia, ó sì gba gólì wọlé. Ìyẹn ló di gólì 79 nínú ìdíje 124, kò sì sí obìnrin Áísíláǹdì kankan tó gbà tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Gólì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gólì lọ́jọ́ ìkẹyìn. Iṣẹ́ tó wá gbájú mọ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá. Kò yà mí lẹ́nu.

Ogún ìṣẹ́jú tó lè gba orúnkún là

Ẹ rántí pé a ní ohun tí ara bá ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ṣe. Ó dáa, a lè kọ́ ọ. Ètò ìmúra kan wà tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+. Ogún ìṣẹ́jú péré ni, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta:

- Sísáré jẹ́jẹ́ pẹ̀lú yíyí ìbàdí síwá sẹ́yìn, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ.
- Ìdárayá agbára, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá: dídùbúlẹ̀ lórí ìgúnpá kí ara nà gbọọrọ, kíkúnlẹ̀ kí ẹnìkejì di kókósẹ̀ mú, kí o sì máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀yìn itan lè lágbára, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, fífò kí o sì balẹ̀ pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kó má ṣe wọ inú.
- Sísáré kíkan pẹ̀lú yíyà sọ́tùn-ún sósì, ìṣẹ́jú méjì.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Wọ́n dán an wò ní Nọ́wè láàárín àwọn ọmọbìnrin tó lé ní 1,800, ọmọ ọdún 13 sí 17, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Ìpalára tó le dín kù ní nǹkan bí ìdajì láàárín àwọn tó ṣe é. Ẹ má sì sọ pé "ti òyìnbó nìyẹn." Ní Èkó wa níbí, àwọn olùwádìí dán an wò láàárín ọmọkùnrin 416 nínú ikọ̀ ogún, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014: ìpalára dín kù ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Pápá wa, oòrùn wa, àwọn ọmọ wa.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Tí ọmọ bá gbọ́ "pá" nínú orúnkún, tí ó sì wú láàárín wákàtí díẹ̀, tàbí tí orúnkún ń yẹ̀ nígbà tó bá ń rìn, ẹ jọ̀ọ́:

- Ẹ jẹ́ kó kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Kó má ṣe "gbìyànjú díẹ̀ sí i."
- Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé orúnkún náà fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè.
- Ẹ má fà á, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi ohun gbígbóná sí i.
- Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà egungun tàbí físíò, kódà tó bá lè rìn.

Ọmọ wa ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Oṣù karùn-ún rèé. Kò ro ó mọ́, ó sì ti ń yọ́ bọ́ọ̀lù gbá lẹ́yìnkùlé. Ìdíje ilé ẹ̀kọ́ wọn ku oṣù méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún béèrè: "Àǹtí, ẹ ẹ̀ rí i pé mo ti ń rìn dáadáa? Ẹ bá mi sọ fún Mọ́mì."

Mo ní rárá. Ó bínú, ó sunkún, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lálẹ́, mo sọ ìtàn obìnrin tó dúró fún ọdún méjì fún un. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní: "Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó gba gólì ìkẹyìn yẹn?"

Mo ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ó ka ọdún mẹ́tàdínlógún lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dìde lọ ṣe ìdárayá alẹ́ tí físíò ní kó máa ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin olùkọ́ bíi tèmi: ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹ bá mi sọ fún ẹlòmíì. Ó dìgbà kan ná.